Màmá mi fẹ́ fojú ara wọn rí iyùn nínú òkun: èbúté wo ni kí a yàn?

Ọmọ Òkè-Ẹlẹ́rìn (Ògbómọ̀ṣọ́)
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ. Màmá mi máa pé ẹni ọdún 70 lọ́dún tó ń bọ̀. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àìmọye ìgbà ni wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì ya òkun àti ẹja sójú pátákó fún ọmọ ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n odò Ọbà ni omi tó fẹ̀ jù tí wọ́n tíì tẹsẹ̀ bọ̀. Wọ́n ní ohun tí ó wu àwọn ni kí àwọn rí iyùn níbi tó ti ń hù, kì í ṣe èyí tí wọ́n sín sọ́rùn.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston ní òun máa sanwó ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ ọlọ́jọ́ méje, tó ń gbéra ní Galveston, ìlú èbúté kan ní Texas. Àwa mẹ́fà ni: Màmá, ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó wọn, èmi àti àwọn ọmọ mi méjì (ọdún 9 àti 12). Orúnkún ń dun Màmá. Èmi àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kò mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Oṣù December ni ẹ̀gbọ́n mi ń wò. Èbúté wo ló rọrùn, kí la sì lè ṣe níbẹ̀ tí kò ní gba agbára?

Ọmọ Ajílété ní Texas
Ẹ bá mi kí Màmá o. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti wọkọ̀ ní Galveston, ohun tí mo sì máa sọ fún yín ni pé kí ẹ má ṣe tìtorí bí ọkọ̀ ṣe tóbi tó yàn án. Ibi tí iyùn ti sún mọ́ ilẹ̀ ni kí ẹ wò. Ìlà iyùn kan wà lápá ibẹ̀ tó gùn tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà, láti Yucatán ní Mẹ́síkò títí dé àwọn erékùṣù Honduras. Ti Australia nìkan ló gùn jù ú lọ. Ẹ̀bá rẹ̀ ni èbúté tí ọkọ̀ Galveston sábà máa ń yà sí wà, àmọ́ wọn ò rọrùn bákan náà fún ẹni tí orúnkún ń dùn.

Roatán, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Honduras yẹn, ni mo máa kọ́kọ́ mú. Ní etíkun West Bay, inú yanrìn lẹ ti máa rìn wọ omi. Tí omi bá ti dé ìgbáròkó, ẹ dojú bolẹ̀, iyùn kò jìnnà mọ́. Apá gúúsù etíkun náà ló ti sún mọ́ ilẹ̀ jù. Mo rí ẹja aláwọ̀ búlúù tó ń họ iyùn jẹ. Tí ẹ bá dákẹ́, ẹ máa gbọ́ ọ bó ṣe ń rún un wúrúwúrú. Mi ò gbàgbé ìró yẹn di òní.

Cozumel, erékùṣù kan ní Mẹ́síkò, náà dára. Ọkọ̀ á so mọ́ afárá èbúté gan-an, ẹ ó sì wọ takisí lọ sí Chankanaab, ọgbà ìgbafẹ́ kan létí òkun, níbi tí àtẹ̀gùn ti wọ inú omi. Tí ẹ bá fẹ́ omi tí kò jìn rárá, ọkọ̀ kékeré máa ń gbé èèyàn lọ sí El Cielo. Yanrìn funfun ni ilẹ̀ ibẹ̀, ẹja oníràwọ̀ sì wà káàkiri. Ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ kí wọ́n má gbé e kúrò nínú omi láti ya fọ́tò, ó lè pa á.

Ẹ má yan èbúté Belize. Ọ̀nà jínjìn ni ọkọ̀ ńlá máa ń dúró sí, ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré tí ìgbì ń mì. Orúnkún Màmá kò ní fẹ́ ẹ.

Ọmọ Akẹ́sán (Ọ̀yọ́)
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n fi December sílẹ̀. Láti October sí January ni òjò máa ń pọ̀ jù ní Roatán, omi á dàrú, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Lásìkò kan náà, atẹ́gùn tútù láti àríwá lè mú kí wọ́n ti èbúté Cozumel pa. June sí November, ìgbà ìjì líle ni. April sí May ni tèmi.

Àléébù kan ni pé ewé òkun aláwọ̀ pupa máa ń ya wọ etíkun Mẹ́síkò tó kọjú sí ìlà oòrùn lásìkò yẹn. Ó lè bá yín ní Costa Maya, èbúté Mẹ́síkò mìíràn. Ní Cozumel, ìwọ̀ oòrùn erékùṣù náà ni ọkọ̀ ń so sí, ìyẹn sì máa ń là. Tí ewé bá kún Costa Maya, omi ìwẹ̀ wà nínú èbúté níbẹ̀, kí Màmá jókòó síbẹ̀ kí wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ físà ńkọ́? Ní July 2025, ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, oṣù mẹ́ta, ni físà ìbẹ̀wò Amẹ́ríkà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Ẹni tó bá lò ó wọ Houston, tó tún bá ọkọ̀ jáde lọ Honduras, ó lè di wàhálà kó tó padà wọ Galveston. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Entries sí lára tiyín.

Ọmọ Òkè-Ẹlẹ́rìn
Ẹ ṣeun gan-an sà. 2024 la gba tiwa, M (ìwọlé ọ̀pọ̀ ìgbà) ni wọ́n kọ sí i fún àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a ń bọ̀ láti ilé.

Ọmọ Akẹ́sán
A dúpẹ́. Físà yẹn náà tó fún Mẹ́síkò. Ti Honduras, kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kọ èsì ránṣẹ́ sí yín kí ẹ tó sanwó. Kí ẹ mú yẹ́lò káàdì (ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú) dání. Láti 2016, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ti tó títí ayé.

Ìyá Ìbejì Tákìẹ́
Aago o! April la lọ, aago Texas ni ọkọ̀ wa ń lò. Fóònù mi yí ara rẹ̀ padà sí aago Roatán, ó sì fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Mo ń ra ẹ̀gbà ọwọ́ lọ́wọ́, mi ò mọ̀ pé ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọkọ̀ gbéra. Ẹ̀rù ọjọ́ yẹn ṣì ń bà mí. Ẹ wọ aago ọwọ́, kí ẹ má fọwọ́ kàn án.

Nọ́ọ̀sì Àdùnní
Ẹ jẹ́ kí dókítà Màmá gbọ́ sí i kí ẹ tó sanwó, pàápàá tí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn àgbàlagbà tí ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ń yọ lẹ́nu ni ewu dídojú bomi nínú òkun pọ̀ fún jù. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, láìfù jákẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ kúrò lọ́rùn yín, ẹnì kan kò sì gbọdọ̀ dá wọ omi.

Ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra awò omi àti ọ̀pá ìmí fún Màmá. Kí ẹ tó ra awò náà, kí wọ́n gbé e lé ojú láìfi okùn sí i, kí wọ́n fi imú fa èémí sínú. Tó bá lẹ̀ mọ́ ojú, ó bá wọn mu. Irun kan ṣoṣo lábẹ́ rọ́bà rẹ̀, omi á wọlé, torí náà kí wọ́n dirun mọ́rí dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ pọnmi sínú bàsíà ńlá, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n dojú bọ̀ ọ́, kí wọ́n máa fi ẹnu mí. Ìdí tí ẹ̀rù fi ń ba èèyàn nínú òkun ni pé imú ni a mọ̀ ọ́n fi mí. Lójoojúmọ́ ni kí wọ́n ṣe é títí ara á fi mọ̀ ọ́n.

Fún èébì ojú omi, ẹ gba yàrá ìsàlẹ̀, láàárín ọkọ̀. Ibẹ̀ ni kì í mì púpọ̀. Ẹ̀wù alápá gígùn ni kí ẹ wọ̀ wọ omi, ìpara oòrùn míì ń ba iyùn jẹ́.

Ọmọ Òkè-Ẹlẹ́rìn
Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbà: April, Roatán àti Cozumel. Dókítà ti wo Màmá, ó ní kí wọ́n lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n má kúrò níbi tí ẹsẹ̀ wọn ti tólẹ̀. Lánàá, a gbé bàsíà sí abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé. Wọ́n dojú bọ̀ ọ́, àwọn ọmọ ń ka ení, èjì. Wọ́n ti ka ogójì kí Màmá tó gbójú sókè, wọ́n wá bi mí pé kí ló dé tí a ò fi ẹja kankan sí i.