Ìforúkọsílẹ̀ kọ́, ìgbàsátọ́ka ni

Ẹ̀gbọ́n mi ará Ìsánlú, ọ̀kun o. Mo rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ẹ ṣẹ̀dá fún iṣẹ́ àwa tá à ń ṣe ojú òpó fáwọn oníṣòwò. Ẹ pe backlink (link tó ti ojú òpó ẹlòmíràn wá sí tẹni) ní "ìjápọ̀ àtẹ̀yìnwá", ẹ pe crawling (bí ẹ̀rọ ìṣàwárí bíi Google ṣe ń lọ ka ojú-ewé kiri) ní "ìrákòrò", ẹ wá pe indexing (bó ṣe ń kó ojú-ewé sínú àkójọ tó ti ń mú èsì jáde) ní "ìforúkọsílẹ̀ ojú-ewé". Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àbúrò yín tó wà ní Kabba bá yín jà díẹ̀.

Ká tètè kúrò lórí ìrákòrò. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ló ń rákòrò. Googlebot, ẹ̀rọ tí Google ń rán kiri, ń tẹ̀lé ìjápọ̀ láti ojú-ewé kan dé òmíràn ni, ó ń ka ohun tó bá níbẹ̀, ó sì ń bá tiẹ̀ lọ. Ìbẹ̀wò lèmi máa pè é.

Ní ti àtẹ̀yìnwá, ẹ bi ẹnikẹ́ni lọ́jà Kabba, á ní ohun tó ti pẹ́ ni, ọ̀rọ̀ àwọn ọdún tó ti lọ. Bí mo bá sọ fún oníbàárà pé ó nílò ìjápọ̀ àtẹ̀yìnwá, á rò pé ògbólógbòó ni mo fẹ́ tà fún òun. Inú "back" òyìnbó lẹ ti fa ẹ̀yìn yẹn yọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an: ojú-ewé ẹlòmíràn ló ń júwe ilé mi fún àlejò. Àwa náà mọ bá a ṣe ń júwe ilé níbí. Ọlọ́kadà á ní kẹ́ ẹ kọjá ọjà, kẹ́ ẹ yà sọ́wọ́ òsì níbi igi máńgòrò, ilé tó ní géètì búlúù ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ "ìjápọ̀ ajúwelé". Mo dá ìjápọ̀ sí, torí Wikipẹ́díà Yorùbá ti ń lò ó fún link, kò sídìí tá a fi máa da ìyẹn rú.

Àǹfààní kan tún wà ńbẹ̀. Láti 2005 ni ìjápọ̀ tó ní àmì nofollow ti wà: ó ń júwe ilé, àmọ́ ó ń sọ pé òun kì í ṣe onídùúró fún onílé o. (Láti 2019, Google ní ìmọ̀ràn lásán lòun ka àmì náà sí, kì í ṣe òfin.) Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ fi àtẹ̀yìnwá ṣàlàyé ìyẹn.

Ìforúkọsílẹ̀ gan-an ló ká mi lára, torí ó ti gbówó lọ́wọ́ èèyàn. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń ra kajú ní Ìyàrà. Ẹnì kan ta ìjápọ̀ ogún fún un, kí ojú òpó rẹ̀ lè hàn dáadáa lórí Google. Nígbà tí oṣù méjì kọjá tí kò rí nǹkan kan, ẹni náà ní àwọn ojú-ewé tí ìjápọ̀ náà wà ò tíì "forúkọ sílẹ̀" ni, kó mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá kóun bá a fi orúkọ wọn sílẹ̀. Ó san án. Ta ni kò ní san án? Bá a bá ti gbọ́ ìforúkọsílẹ̀, a mọ̀ pé owó la máa san, ká kọ fọ́ọ̀mù, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ó gbé fóònù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. A mú àdírẹ́sì ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, a fi "site:" ṣáájú rẹ̀, a tẹ̀ ẹ́ sí Google lọ́kọ̀ọ̀kan, ká lè wò bóyá Google ti gbà á. Nínú ogún, mẹ́rin péré ló jáde. Mo wá ṣí àwọn yòókù wò: ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n dà kọ síbi mẹ́wàá, àwọn mìíràn ò sì ní ju ìtòjọ ìjápọ̀ lọ. Ọlọ́kadà tí ará ìlú kankan ò mọ̀, ta ló fẹ́ júwe ilé fún?

Ẹ̀rọ ìṣàwárí ló ni atọ́ka rẹ̀ (index, ìyẹn àkójọ ojú-ewé tó ti gbà), òun ló ń pinnu ohun tó máa wọ ibẹ̀. Ó lè bẹ ojú-ewé wò kó má gbà á. Kódà Search Console, níbi tá a ti lè bẹ Google pé kó wá wo ojú-ewé, ojú òpó tó bá jẹ́ tẹni nìkan ló wà fún. Ojú-ewé onílé onílé ni ìjápọ̀ ajúwelé wà, báwo lẹ ṣe fẹ́ bá a forúkọ sílẹ̀?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ká sọ pé "ìfisátọ́ka". Kò burú, ṣùgbọ́n "fi" ò jẹ́ ká gbọ́ pé ẹnì kan lè kọ̀. "Gbà" ń jẹ́ ká gbọ́ ọ. Ìgbàsátọ́ka, ẹ̀gbọ́n: "wọ́n bẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò gbà á." Á tún jẹ́ ká mọ ìyàtọ̀ tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Fáìlì robots.txt ń dí ìbẹ̀wò, àmì noindex tó wà nínú ojú-ewé fúnra rẹ̀ ń kọ ìgbàsátọ́ka. Ẹni tó bá lo méjèèjì pọ̀ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò, ó tún ń retí kí àlejò ka ìwé tóun lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá.

Ọ̀kan ṣẹ́ kù tí mo fẹ́ bi yín. Lẹ́nu Yàgbà tiyín, ṣé "júwe" náà lẹ̀ ń sọ, àbí ẹ ní ọ̀rọ̀ mìíràn tó dùn jù ú lọ? Bẹ́ ẹ bá ní in, mo ṣe tán láti ju ajúwelé sílẹ̀.