Àgádágodo tí mo ń ṣí láìlo kọ́kọ́rọ́ ń yí díẹ̀, á wá dúró

Ọmọ_Àjàṣẹ́:
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará. Mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí àgádágodo láìlo kọ́kọ́rọ́, mo kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni, mi ò fi ṣiṣẹ́. Kékeré tí mo rà lọ́jà Wàńdò ti ń ṣí dáadáa, àmọ́ ńlá tí mo rà tẹ̀lé e, á yí díẹ̀ bíi pé ó fẹ́ ṣí, á wá dúró gbagidi. Kí ló fà á? Ìyá mi tún ní kí n yéé ṣe é káwọn ará àdúgbò má bàa pè mí lólè.

Ẹ̀gbọ́n_Kétu:
Àbúrò, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Píìnì ni àwọn irin kéékèèké inú àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ máa ń tì sókè, ó jọ pé èyí tó ṣe bíi gángan ló wà nínú tìẹ, òkè fẹ̀, ìsàlẹ̀ fẹ̀, àárín tín-ín-rín, wọ́n dìídì ṣe é kó lè tan ẹni tó ń ṣí i ni. Má fi agbára kún un rárá! Dẹ ọwọ́ tó o fi ń yí i, máa ti píìnì yẹn sókè jẹ́jẹ́, tó bá fẹ́ yí padà sẹ́yìn jẹ́ kó padà, tí òmíì bá já bọ́ tún un gbé. Ṣé o rí i, kò sẹ́ni tó lè lu ihò àwọn píìnì yẹn kó tò gún láìyẹ̀ bó ti wù kó kéré mọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tó o bá ń yí i, ọ̀kan ló máa kọ́kọ́ há, òun ni kó o wá, tó bá ti dún kín-ín kó o wá èyí tó tún há.

Ìyá_Ìbejì_Ṣábẹ:
Ọmọ mi, ìyá ẹ ò jẹ̀bi, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ olè. Lọ́dún 1851 ní Lọ́ńdọ̀nù, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Hobbs ṣí àgádágodo kan tí iléeṣẹ́ Bramah ṣe, tí wọ́n ti gbé síta látọdún 1790 pé ẹni tó bá ṣí i á gbowó, wákàtí 51 ló fi ṣe é, láàárín ọjọ́ 16, àwọn tó ni ín ló sì gbà á láyè. Tìẹ nìkan ni kó o máa ṣí o, má sì fọwọ́ kan èyí tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, torí ó lè bàjẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ má ṣí i mọ́. Ṣe é lójú ìyá ẹ, kó rí i.

Ọmọ_Àjàṣẹ́:
Ẹ ṣé mà! Ẹ̀gbọ́n, ó padà sẹ́yìn lóòótọ́, mo tún èyí tó já bọ́ gbé, ó sì ṣí!!! Inú mi dùn gan-an. Irin tí mo fi ń yí i ti ń wọ́, kí ni kí n lò?

Ẹ̀gbọ́n_Kétu:
O ṣeun àbúrò. Má ra olówó ńlá, bi àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe bóyá wọ́n ní rọ́bà tí mọ́tò fi ń nu gíláàsì, èyí tó ti gbó, irin pẹlẹbẹ kan wà nínú ẹ̀ tó le dáadáa, gé e, tẹ orí ẹ̀, fi òkúta yùn ún kó má gé ẹ lọ́wọ́.