Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Ṣé a lè fún ọmọ ọwọ́ ní wàrà kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́?

Olùbéèrè (ìyá ọmọ, Ìsọ́kùn, Iléṣà)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọmọ mi obìnrin, tó ti pé oṣù márùn-ún, kò lè mu wàrà inú agolo: bó bá ti mu ún, ara rẹ̀ á sú, á máa bì, ìgbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ á hàn nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Mo ṣì ń fún un lọ́yàn, ṣùgbọ́n mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ọyàn náà kò sì tó o mọ́ lójú mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó ń sin ẹran, ra abo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò tó kó wọn wá láti òkè Ọya, wọ́n sì ń rọ̀ mí pé kò sí wàrà ẹran tó jọ ti ènìyàn tó o. Ẹran náà ti rù láti ìgbà tó ti dé, pátákò rẹ̀ sì gùn. Ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ wàrà yìí? Kí ló yẹ kí a wò lára ẹran náà kí a tó fún wàrà rẹ̀?

Ìdáhùn (nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Iléṣà)

Ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ yẹn ni kí a kọ́kọ́ bójú tó. Gbé ọmọ lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé ní ilé ìwòsàn Wesley Guild níbí lọ́la, má sì fún un ní wàrà agolo yẹn mọ́ títí dókítà á fi rí i.

Òótọ́ wà nínú ohun tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ sọ. Purotéènì inú wàrà kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kì í sábà tó gíráàmù 2 nínú 100, nígbà tí ti màálù ju 3 lọ, ìwọ̀n ṣúgà rẹ̀ sì sún mọ́ ti ọyàn. Ní Ítálì, àwọn dókítà ti fi bọ́ àwọn ọmọ tí ara wọn kò gba wàrà màálù. Ara ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà á, ti àwọn mìíràn kò gbà á. Ọ̀rá rẹ̀ ló ń kọ mí lóminú. Kì í sábà tó gíráàmù 1 nínú 100, ti ọyàn sì tó nǹkan bí 4. Ọmọ tí a bá fi òun nìkan bọ́ lè mu ún títí kó yó, síbẹ̀ kó máa gbẹ, nítorí náà ni àwọn dókítà wọ̀nyẹn fi ń bu òróró tí wọ́n ti wọ̀n sí i. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ inú ilé.

Ọyàn nìkan ló tọ́ sí i títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Máa fún ọyàn sínú ife tó mọ́ níbi iṣẹ́, tọ́jú rẹ̀ sínú fìríìjì, kí ẹni tó ń bá ọ mójú tó o fi ife àti ṣíbí fún un. Dókítà lè ní kí ìwọ pàápàá yẹra fún wàrà màálù, torí purotéènì rẹ̀ máa ń gba inú ọyàn dé ara ọmọ. Kí wọ́n sì máa wọ̀n ọ́n déédéé. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, nítòsí wa níbí, ni Dókítà David Morley ti ṣe káàdì ìwọ̀n ọmọ tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò. Inú mi kì í dùn bí mo bá rí òfìfo káàdì lọ́wọ́ ìyá ọmọ.

Ìdáhùn (dókítà ẹran, Ilé-Ifẹ̀)

Mo fara mọ́ ohun tí Mọ́mì sọ. Ní ti ẹran náà, rírù yẹn lágbára ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí abo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń fún ọmọ lọ́mú bá ṣíwọ́ jíjẹun, yálà nítorí wàhálà ọ̀nà tàbí nítorí pé wọ́n yà á kúrò lára ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀rá ara rẹ̀ á ya wọ inú ẹ̀jẹ̀, á kún ẹ̀dọ̀, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kì í fi ìrora hàn bíi ẹṣin. Bó bá dúró jẹ́ẹ́ tí kò fi ẹnu kan koríko, ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún brucella, kòkòrò àrùn tó lè ti ara ẹran ran ènìyàn, àti fún àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, èyí tó wà ní ilẹ̀ igbó wa. Ẹ béèrè oògùn tí oníṣòwò ti fún un, torí oògùn aràn àti ti kòkòrò ń bá wàrà jáde. Kódà bó bá yege, ẹ gbọ́dọ̀ se wàrà náà kó hó kí ẹnikẹ́ni tó mu ún.

Ìdáhùn (ẹni tó ń sin kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, Sábó, Ilé-Ifẹ̀)

Òjò Iléṣà kò bá a lára mu. Irun rẹ̀ kì í lé omi dànù bíi ti ẹṣin, ilẹ̀ tútù sì ń jẹ́ kí pátákò rẹ̀ jẹrà. Ẹ fún un ní òrùlé àti ilẹ̀ gbígbẹ, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sì gé pátákò náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́wàá ni a máa ń tún un gé. Ọmú méjì péré ló ní, wàrà tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan kì í sábà tó lítà kan, bí ọmọ rẹ̀ kò bá sì sí nítòsí, kì í fẹ́ẹ́ jáde rárá. Ọmọ rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ yó. Bí ìyá bá ti rù, ẹ má fún wàrà rẹ̀ rárá.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ilé ìwòsàn ni mò ń lọ lọ́la. Ìbéèrè méjì ló kù. Inú ọkọ mi máa ń ṣe pàrù bí wọ́n bá mu wàrà màálù. Ṣé ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yóò bá wọn lára mu? Ẹ̀gbọ́n wọn sì fẹ́ máa bu oúnjẹ adìẹ tó kù ní ilé adìẹ wọn fún ẹran náà kó lè sanra.

Ìdáhùn (dókítà ẹran, Ilé-Ifẹ̀)

Bó bá jẹ́ ṣúgà inú wàrà ni inú ọkọ yín kò gbà, ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yóò tún dá wọn láàmú jù ni, torí ṣúgà rẹ̀ tó gíráàmù 6 sí 7 nínú 100, ti màálù kò sì tó 5.

Ní ti oúnjẹ adìẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe ẹ̀gbọ́n lórí fóònù nísinsìnyí. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ní oògùn monensin tàbí salinomycin, tí a fi ń dènà àrùn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ adìẹ. Kò ṣe adìẹ ní nǹkan, ṣùgbọ́n ó máa ń ba iṣan ọkàn ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ti tó láti pa wọ́n. Koríko gbígbẹ àti omi tó mọ́ ni kí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Bó bá ti jẹ nínú oúnjẹ adìẹ náà, ẹ má mú un rìn, ẹ tọ́jú àpò oúnjẹ náà kí dókítà lè ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, kí ẹ sì pe dókítà tó wà nítòsí yín lálẹ́ yìí.