Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Lẹ́tà àti ìpè sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí a ò gbúròó wọn mọ́

Akọ̀wé Ẹgbẹ́
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ẹ̀kọ́ kan níbí n'Íbàdàn, àwa tá a jáde ní 1983. Nǹkan bí 40 nínú wa ni a ò gbúròó wọn mọ́. Àwọn kan wà lórí WhatsApp, wọ́n ń ka ohun tá a kọ, wọn kì í fèsì. Àwọn mìíràn, nọ́ńbà àtijọ́ nìkan la ní. Mẹ́ta wà ní Kánádà, ẹnì kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ di opó. Ìgbìmọ̀ ní ká kọ lẹ́tà sí kálukú, ká sì pè wọ́n. Èwo ni kó ṣáájú? Kí la ó kọ tí kò fi ní dà bí ìwé ìkówójọ?

Ìyá Ìbejì, Mọ́kọ́lá
Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tí ẹ ò bá sọ̀rọ̀ láti bí ọdún márùn-ún, lẹ́tà ni kó ṣáájú. Òjijì ni ìpè ń bá èèyàn, ẹni tójú sì ń tì pé òun ti dákẹ́ jù lè má gbé e. Lẹ́tà á fún un láyè láti rò ó.

Ẹ fọwọ́ kọ ọ́. Ẹ má kọ ẹyọ kan kẹ́ ẹ wá máa ṣe fọ́tókópì rẹ̀, kẹ́ ẹ kàn máa pààrọ̀ orúkọ. Wọ́n á mọ̀. Lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ ni: àdírẹ́ẹ̀sì yín àti déètì lókè lápá ọ̀tún, kí ìkíni tó tẹ̀ lé e. Ojú ìwé kan ti tó. Ohun tó jẹ́ ti ẹni yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀: orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó ní Fọ́ọ̀mù 5, ipò tó ń gbá nínú bọ́ọ̀lù. Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan kọ síbẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀yin kọ́ ló yẹ kó kọ lẹ́tà yẹn. Ẹ wá ẹni tó sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ìròyìn ẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, kẹ́ ẹ wá sọ ọjọ́ tí ẹ ó pè àti nọ́ńbà tí ẹ ó fi pè. Owó ẹgbẹ́ ọdọọdún kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ rárá. Tí nọ́ńbà báńkì bá ti wà nísàlẹ̀, gbogbo ìkíni òkè ti di ọgbọ́n ìtọrọ owó lójú ẹni tó ń kà á. Ẹ má sì bi í pé kí ló dé tí kì í wá sípàdé.

Márùn-ún péré ni kí ẹnì kan kọ ní ìjókòó kan. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbólóhùn á bẹ̀rẹ̀ sí í jọra.

Fẹ̀yìntì Ìfìwéránṣẹ́
Ìyá Ìbejì ti sọ ti inú lẹ́tà. Ẹ jẹ́ n sọ ti ẹ̀yìn rẹ̀, torí ibẹ̀ ni lẹ́tà ti ń sọnù n'Íbàdàn. Bí ẹni náà bá ní P.O. Box, tàbí ibi iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí rẹ̀ bá ní, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí. Ó dájú ju ojúlé lọ. Láàárín ìlú, bíi Bẹẹrẹ àti Fóko, ilé ṣì ń jẹ́ nọ́ńbà àtijọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà bíi N tàbí SW, àmọ́ ọ̀dà ti bo ọ̀pọ̀ lára ògiri. Ẹ kọ orúkọ agboolé, àdúgbò, ohun tó gbajúmọ̀ nítòsí, kẹ́ ẹ sì kọ nọ́ńbà fóònù ẹni náà sísàlẹ̀ àdírẹ́ẹ̀sì. Kóòdù ìfìwéránṣẹ́ Ìbàdàn, 200 ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì tiyín lẹ́yìn àpòòwé, kí wọ́n lè dá a padà.

Ẹ ká bébà A4 sí mẹ́ta, á bá àpòòwé gígùn mu. Bẹ́ ẹ bá fi fọ́tò sí i, ẹ fi páálí tẹ́ ẹ lẹ́yìn, torí òǹtẹ̀ máa ń tẹ̀ ẹ́ wọnú. Ẹ má fi owó sínú lẹ́tà láé. Ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ńlá Dùgbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n bá yín fi orúkọ lẹ́tà sílẹ̀ (rẹ́jísítà), kẹ́ ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà. Tí ẹ bá fi rán dẹ́rẹ́bà lọ sí Ìṣẹ́yìn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, wébíìlì nìyẹn, ẹ gba nọ́ńbà ọkọ̀ àti ti dẹ́rẹ́bà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń retí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá gbà á ní gáráàjì, kò wá jọ lẹ́tà mọ́.

Ọmọ Ọjẹ́
Akọ̀wé, ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà àtijọ́ yẹn. Láìnì tí kò bá ṣiṣẹ́ fún oṣù 6 ni wọ́n lè tì pa. Bó bá tún lo oṣù 6 mìíràn bẹ́ẹ̀, wọ́n lè gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé e, orúkọ tiyín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá, kẹ́ ẹ tó béèrè bóyá ẹni tí ẹ ń wá ló ń sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ ilé ló gbé e, ẹ kí i, ẹ béèrè ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ tún pè, ẹ má ro ẹjọ́ ẹgbẹ́ fún un.

Ní wákàtí kan ṣáájú ìpè, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ránṣẹ́, kì í ṣe ti WhatsApp: «Ẹ káàsán mà. Èmi ni Lágbájá tá a jọ wà ní Fọ́ọ̀mù 5B. Màá pè yín ní aago 5.» Àwọn àgbàlagbà kì í gbé nọ́ńbà tí wọn ò mọ̀, nítorí àwọn oníjìbìtì. Láàárín aago 4:30 sí 6:00 ló dáa jù, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, kí Màgàríbì tó dé. Ọ̀sán Jímọ̀ àti àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má fíláàṣì ẹnikẹ́ni. Bí wọn ò bá gbé e lẹ́ẹ̀mejì, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀.

Ẹ má sì fi ẹnikẹ́ni sínú WhatsApp ẹgbẹ́ láìgbàṣẹ, kódà bó bá fi ìdùnnú dáhùn. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 wà, àmọ́ kì í ṣe tìtorí òfin nìkan: ẹlòmíràn wà tí kò fẹ́ kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ yẹn mọ nọ́ńbà òun.

Alhaja, Òkè-Àdó
Ti opó yẹn, mi ò fara mọ́ lẹ́tà kó ṣáájú. Bó bá wà n'Íbàdàn, kí obìnrin méjì nínú ẹgbẹ́ lọ sílé rẹ̀. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ pè é, kó má ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ: «Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Ọlọ́run á tù yín nínú.» Ẹ má béèrè ohun tó pa ọkọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ mùsùlùmí, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni yóò fi wà nínú opó. Ẹ má pè é sípàdé láàárín ìgbà náà. Lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni lẹ́tà wúlò, nígbà tí èrò ti túká nílé rẹ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́
Ẹ ṣeun gan-an, Alhaja, ẹ ṣeun gbogbo yín. Àwọn ti Kánádà ńkọ́?

Ọmọ Ọjẹ́
Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìlú tí wọ́n wà. Toronto fi wákàtí 5 wà lẹ́yìn wa láti oṣù kẹta sí oṣù kọkànlá, wákàtí 6 lásìkò òtútù. Ti Calgary jẹ́ 7, tàbí 8 lásìkò òtútù. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kẹ́ ẹ mú: aago 4 ìrọ̀lẹ́ n'Íbàdàn fún Toronto, aago 6 fún Calgary.