Kì í ṣe okùnfà, atọ́kùn ni: orúkọ wo ló yẹ ohun tó ń tọ́ jíìnì?

Ẹ̀yin ará wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ lórí orúkọ tó yẹ ká fún transcription factor, ìyẹn purotéènì tó ń sọ ìgbà tí jíìnì máa ṣiṣẹ́ àti ìgbà tí kò ní ṣe é, nínú ìwé ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì tí à ń kó jọ fún àwọn ọmọ girama. Mo dákẹ́ kí n lè gbọ́ tẹnu gbogbo yín. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa n'Íbàdàn ní ká pè é ní "okùnfà àdàkọ". Àbúrò wa tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ní Leeds mú "ajíjíìnì" wá. Ìyá wa olùkọ́ ní "olùdarí àbùdá" ti tó, ká yéé da ara wa láàmú. Ẹ foríjì mí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo fẹ́ takò kí n tó mú tèmi jáde.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo nǹkan náà fúnra rẹ̀, torí ó ń jọ mí lójú pé à ń sọ ọmọ lórúkọ láìtíì gbé e rí. Jíìnì tí ara ènìyàn fi ń mọ purotéènì tó nǹkan bí 20,000. Sẹ́ẹ̀lì ojú ní wọn, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ní wọn, ti àtẹ́lẹsẹ̀ náà ní wọn. Ohun tó mú kí ojú jẹ́ ojú, kí ẹ̀dọ̀ sì jẹ́ ẹ̀dọ̀, ni pé jíìnì tó ń ṣiṣẹ́ níbí kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Kí jíìnì tó lè ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ kan nínú sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ dà á kọ sínú RNA, ìyẹn ẹ̀dà tí sẹ́ẹ̀lì ń lò, bí ọmọ iléèwé ṣe ń da ohun tó wà lójú pátákó kọ sínú ìwé rẹ̀. Ẹ̀rọ adàkọ yìí kò dá mọ jíìnì tó kàn lónìí. Àwọn purotéènì kan ló wà tí wọ́n máa ń di ojú ibì kan pàtó mú lára DNA, ìyẹn okùn tí a fi lẹ́tà kẹ́míkà kọ jíìnì sí, tí wọ́n á wá pe ẹ̀rọ náà wá síbẹ̀, tàbí kí wọ́n dí i lọ́nà. Àwọn là ń wá orúkọ fún. Ó tó nǹkan bí 1,600 irú wọn tí ènìyàn ní.

Ẹ fi ọwọ́ mú "tàbí kí wọ́n dí i lọ́nà" yẹn. Ibẹ̀ ni mo dúró sí.

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ ibi tí "okùnfà" ti wá. Factor lẹ rí nínú ọ̀rọ̀ òyìnbó náà, okùnfà la sì sábà máa ń kọ fún un nínú ìwé ìtàn àti ti ọrọ̀ ajé. Ṣùgbọ́n okùnfà ìjà, okùnfà ikọ́ ẹ̀gbẹ, okùnfà ìjàǹbá ọkọ̀: etí Yorùbá ti ń retí aburú kó tó gbọ́ ìyókù. Bí ọmọ SS2 bá rí "okùnfà àdàkọ", á béèrè pé àìsàn wo ló ń jẹ́ àdàkọ. Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Okùnfà kì í dá ohun tó fà dúró, bẹ́ẹ̀ adánidúró ni ẹni àkọ́kọ́ tí sáyẹ́ǹsì mọ̀ nínú ẹbí yìí. Ní 1961, François Jacob àti Jacques Monod, ní Institut Pasteur ní Paris, ṣàlàyé bí baktéríà E. coli tó ń gbé inú ìfun wa ṣe ń jẹ ṣúgà inú wàrà. Bí wàrà kò bá sí, nǹkan kan máa jókòó síwájú àwọn jíìnì tó ń da ṣúgà yẹn, kò ní jẹ́ kí wọ́n dà wọ́n kọ. Bí ṣúgà bá dé, á so mọ́ adènà náà, adènà á sì tú ọwọ́ rẹ̀. Wọn ò tíì mọ̀ nígbà náà pé purotéènì ni. Walter Gilbert àti Benno Müller-Hill ló rí i mú ní 1966. Jacob àti Monod ti gba ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú André Lwoff ní 1965 kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá pe àkọ́bí ilé ní okùnfà, ó ti ṣì í pè láti ọjọ́ ìkómọ.

"Ajíjíìnì" ṣubú sínú kòtò kan náà. Àbúrò, òun náà kàn ń jí ni, kò mọ bí a ṣe ń mú nǹkan sùn. Mo tún pè é sókè nílé, ìyàwó mi sì bi mí pé ta ló tún jí kí ni gbé. Lórílẹ̀-èdè tí ajínigbé ti kún ojú ọ̀nà, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká dá ajíjíìnì sílẹ̀ kún un.

Ti "olùdarí àbùdá", ìyá wa, n ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Àbùdá lohun tí à ń rí lára ènìyàn, gíga, àwọ̀, irun. Jíìnì ni ohun tí a kọ sínú. Olùdarí náà sì gbòòrò jù. Àwọn RNA kéékèèké tí Victor Ambros àti Gary Ruvkun torí wọn gba Nobel ní 2024 ń darí jíìnì, wọn kì í sì í ṣe ohun tí à ń sọ yìí.

Ohun tí mo fẹ́ ká lò ni atọ́kùn. Ẹ rántí ọjọ́ ọdún egúngún. Onírúurú ẹ̀kú ló wà ní ìpamọ́, gbogbo wọn kọ́ ló ń jáde lọ́jọ́ kan náà. Èyí tó bá máa jáde, atọ́kùn ló ń ṣíwájú rẹ̀. Inú àwọ̀n ni egúngún ti ń wòran, atọ́kùn ló mọ agboolé tí wọ́n ń lọ. Atọ́kùn tó ní kí onílù lu ìlù fún un náà ló máa na pàṣán dábùú ọ̀nà bó bá fẹ́ yà síbi tí kò yẹ. Agbára egúngún, ti egúngún ni, atọ́kùn kò bù kún un, kò sì bù kúrò nínú rẹ̀. Ìgbà tó máa jáde, ibi tó máa dé, ìgbà tó máa wọlé, ìyẹn nìkan ló wà lọ́wọ́ atọ́kùn.

Purotéènì tí à ń sọ kì í yí lẹ́tà kan ṣoṣo padà nínú jíìnì. Ó mọ agboolé tirẹ̀ nípa àmì kúkúrú kan lára DNA. Èyí tó ń jẹ́ HSF1, atọ́kùn ọjọ́ ooru, lẹ́tà GAA tí a kọ ní àkọtúnkọ tí wọ́n sì kọjú síra ló ń wá. Ní 1962 ni Ferruccio Ritossa, ará Ítálì, kọ̀wé pé nígbà tí ooru mú àwọn eṣinṣin èso òun ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn ibì kan lára krómósómù wọn wú fùkẹ̀. Ìdàkọ ló ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀. Lónìí a mọ̀ pé lọ́jọ́ tí ara tù, àwọn purotéènì olùrànlọ́wọ́ ló ń di HSF1 mú. Ooru dé, wọ́n sáré lọ tọ́jú àwọn purotéènì tó ń bàjẹ́, wọ́n fi í sílẹ̀. Mẹ́ta mẹ́ta á so pọ̀, wọ́n á lọ di DNA mú, wọ́n á mú kí a dá olùrànlọ́wọ́ kún olùrànlọ́wọ́. Bí àwọn wọ̀nyí bá wá pọ̀ tó, wọ́n á padà wá di atọ́kùn mú.

Àpẹẹrẹ tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí jù lọ nìyí. Ní 1995, Walter Gehring àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Basel, ní Switzerland, jẹ́ kí atọ́kùn kan tí wọ́n ń pè ní eyeless ṣiṣẹ́ níbi tí kì í dé lára eṣinṣin èso. Ojú hù sí ìyẹ́, ojú hù sí ẹsẹ̀. Wọ́n wá mú irú rẹ̀ láti ara eku wá, èyí tó ń jẹ́ Pax6, wọ́n fi sí ara eṣinṣin. Ojú tún hù, ojú eṣinṣin ni, kì í ṣe ti eku. Ẹ fi "okùnfà" sọ ìyẹn kó yé ọmọdé. Bí okùnfà bá wá láti ara eku, ojú eku ló yẹ kó fà. Ṣùgbọ́n bí atọ́kùn bá ti ìlú mìíràn wá, tó sì gbọ́ èdè ìlù ibẹ̀, egúngún onílé ló máa mú jáde.

Àbúrò ti bi mí níkọ̀kọ̀ pé ṣebí jíìnì ló bí purotéènì yìí, ta wá ni atọ́kùn fún atọ́kùn? Òótọ́ ni. Atọ́kùn mìíràn ni, nígbà mìíràn òun fúnra rẹ̀ ni. Àfiwé mi ń tiro níbẹ̀, mo gbà.

Ó tún yẹ ká mú ti ìrẹsì wò, torí ó fi hàn pé orúkọ náà kò gbọ́dọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Ní 2006 ni wọ́n fi SUB1A hàn, tí wọ́n rí lára ìrẹsì ìbílẹ̀ kan láti Íńdíà. Bí omi bá bo ìrẹsì tó ní in, atọ́kùn yìí á ní kó dúró jẹ́ẹ́, kó má ga, kó fi oúnjẹ inú rẹ̀ pamọ́. Ó lè wà lábẹ́ omi bí ọ̀sẹ̀ méjì kó sì tún rú. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn ará Japan kọ̀wé lórí SNORKEL1 àti SNORKEL2 lára ìrẹsì omi jíjìn. Àwọn yẹn ní kó máa ga, kó máa ga, títí orí rẹ̀ á fi yọ lókè omi. Ẹbí kan náà ni gbogbo wọn, omi kan náà ló dé bá wọn.

Èyí tó kan ilé wa jù ni ti fòníkú-fọ̀ladìde. Ọmọ inú oyún ní hẹmoglóbíìnì (purotéènì tó ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀) tirẹ̀, tí àìsàn yìí kò kàn. Lẹ́yìn ìbí, atọ́kùn kan, BCL11A, á ní kí jíìnì ti ọmọ inú oyún wọlé, ti àgbà á sì gba ojú agbo. Lára ti àgbà yìí ni àbùkù náà wà. Ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní Casgevy, tí Bìrìtéènì fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá 2023, tí Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e ní oṣù kejìlá, kò fọwọ́ kan jíìnì tó ní àbùkù rárá. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ ti ń gba àṣẹ láti ṣe BCL11A ni wọ́n gé. Atọ́kùn dín, egúngún tó ti wọlé láti kékeré tún jáde. Àbúrò, jọ̀ọ́, fi "ajíjíìnì" sọ ìtàn yẹn kí n gbọ́.

Mo mọ ohun tí ẹ máa wí. Ẹ̀gbọ́n á ní ọ̀rọ̀ atọ́kùn ti wà nínú gírámà, fún "ní", "sí" àti "láti". Ó wà. Atọ́kùn ètò náà sì wà lórí rédíò, kò tíì sí ẹni tó rò pé "ní" ló ń ka ìròyìn. Ìyá wa á ní àwọn òbí kan kò ní fẹ́ gbọ́ egúngún nínú kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Rédíò yẹn kan náà làwọn òbí wọ̀nyí ń gbọ́ ní àràárọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò nínú igbàlẹ̀ tipẹ́.

Ó ku ìdàkọ tàbí àdàkọ. Ìdàkọ ni mo fara mọ́: ìdàkọ ni iṣẹ́, àdàkọ ni ohun tí a rí nígbà tí iṣẹ́ parí, bí ìgbékalẹ̀ àti àgbékalẹ̀. Iṣẹ́ ni atọ́kùn ń tọ́. Bí ìwé kan bá fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀, kó pè wọ́n ní atọ́kùn amújáde àti atọ́kùn adádúró. Kò pọn dandan fún àwọn ọmọ SS2, torí àwọn kan wà tó ń ṣe méjèèjì.

Ohun tí mo fẹ́ kọ sínú ìwé náà nìyí: "atọ́kùn ìdàkọ: purotéènì tó ń di àmì kan mú lára DNA, tó sì ń sọ bóyá kí a da jíìnì kan kọ tàbí kí a má dà á kọ, àti ibi tí a ó ti ṣe é, nígbà wo, àti báwo ni yóò ṣe pọ̀ tó." Ìyá wa, ẹ bá mi kà á fún àwọn ọmọ yín kí kíláàsì tó parí lọ́jọ́ Ẹtì, kí ẹ má ṣàlàyé kankan, kí ẹ wá sọ ohun tí wọ́n bi yín fún wa.