Ẹ̀rí-ara ló yẹ ká pè é, kì í ṣe àmì-àrùn

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Kétu ti ilẹ̀ Benin ni mo wà, lábò, ìyẹn ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo máa ń fa ẹ̀jẹ̀ lápá àwọn èèyàn láàárọ̀ kí wọ́n tó fẹnu kan oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà n'Ìbàdàn ló dá a lábàá pé ká máa pe ohun tí àwọn dókítà ọ̀dọ̀ wa ń pè ní biomarqueur, ìyẹn ohun tí a lè wọ̀n lára èèyàn ká fi mọ bí ara ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, ní "àmì-àrùn", àbúrò wa kan l'Ájàṣẹ́ ní ká kúkú pè é ní "atọ́ka-àrùn", àwọn tó ti gbè wọ́n lẹ́yìn sì ti pọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Àrùn wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń dùn mí.

Àmì àrùn ti níṣẹ́ tó ń ṣe nínú èdè wa. Orí fífọ́, ara gbígbóná, ojú tó pọ́n, èébì, àmì àrùn nìyẹn, kò sí ìyá àgbà tí ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí èmi ń wá nínú ìgò kékeré yàtọ̀ sí i, torí ẹlòmíì á jókòó síwájú mi, á máa rẹ́rìn-ín, kò síbi tó ń dùn ún, síbẹ̀ créatinine, ìdọ̀tí tó yẹ kí kíndìnrín máa sẹ́ kúrò, ti ga jù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ torí pé kíndìnrín ẹ̀ ò lè sẹ́ ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́ bí ìgbà téèyàn ń fi asẹ́ tó ti dí sẹ́ ògì. Kò sí àmì kankan lára ẹ̀. Tí a bá wá ń pe créatinine yẹn ní àmì-àrùn, kí la fẹ́ máa pe orí fífọ́?

Ẹ tún wo ohun tí àwọn onímọ̀ tí NIH, iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, kó jọ sọ lọ́dún 2001, pé ohun téèyàn lè wọ̀n ni, tó máa ń fi hàn bóyá ara ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ, tàbí bóyá àìsàn kan ń ṣe é, tàbí bóyá oògùn tí a lò ń ràn án. Ara líle ni wọ́n fi ṣáájú! Tí a bá ti ki àrùn bọ inú orúkọ ẹ̀, a ti gé méjì dànù nínú mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà wà nínú ẹ̀, a ò sì fa ẹ̀jẹ̀ kankan ká tó wọ̀n ọ́n, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba "àmì inú ẹ̀jẹ̀" tí ẹnì kan kọ síbí lánàá.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa. Àbúrò ìyá mi, Ìyá Kékeré la máa ń pè wọ́n, wọ́n ń tajà lọ tajà bọ̀ láàárín Kétu àti Ìlárá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe analísì ṣúgà níbí, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n tún ṣe é lọ́hùn-ún ní Nàìjíríà. Ti ibí jẹ́ 1,18. Ti ọ̀hún jẹ́ 118. Alẹ́ ni wọ́n gbé ìwé méjèèjì wá bá mi, wọ́n ti di gèlè mọ́dìí, wọ́n ní "Ọmọ mi, ẹyọ kan àti díẹ̀ ló wà tẹ́lẹ̀, ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún báyìí, ṣé n máa lọ múra ikú sílẹ̀ ni?" Mo tẹ́ ìwé méjèèjì sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Gíráàmù nínú lítà kan là ń kà níbí, mílígíráàmù nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà ni wọ́n kà lọ́hùn-ún, iye kan náà ni, kò fi ẹyọ kan lé, kò fi ẹyọ kan dín. Kò sì tíì di àtọ̀gbẹ, torí 1,26 lẹ́yìn téèyàn ò jẹun mọ́jú ni wọ́n fi ń sọ pé àtọ̀gbẹ ni, tí ara ò bá sì sọ nǹkan kan, a ní láti tún un ṣe lọ́jọ́ mìíì ká tó gbà. Àmọ́ ó ti ga ju bó ṣe yẹ lọ, kí wọ́n rọra ṣe ni.

Lẹ́yìn tí ọkàn wọn balẹ̀ ni wọ́n sọ ohun tí mo ń tìtorí ẹ̀ kọ gbogbo èyí. Wọ́n ní àwọn ti tọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé láti wò ó, eèrà ò wá, torí náà kò lè jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, ìyẹn àtọ̀gbẹ. Ẹ rí i bí orúkọ ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí èèyàn? Ìtọ̀ ṣúgà la pè é, inú ìtọ̀ ni wọ́n ti ń wá a. Kì í ṣe ìrònú òmùgọ̀ rárá, ní ọdún 1776 dókítà kan ní England tó ń jẹ́ Matthew Dobson se ìtọ̀ aláìsàn kan títí ó fi gbẹ, ó bá nǹkan funfun bíi ṣúgà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n kíndìnrín máa ń dá ṣúgà padà sínú ẹ̀jẹ̀ ni, àyàfi tó bá tó bíi 1,80 kó tó máa yọ́ jáde. Èèyàn lè ní 1,50 fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí eèrà kankan má yà sọ́dọ̀ ẹ̀. Orúkọ tí àwọn baba wa fi ohun tí wọ́n rí sọ ló wá ń tan ọmọ wọn jẹ lónìí, tí àwa náà bá tún sọ òmíràn ní àmì-àrùn, àwa la máa tan àwọn tó ń bọ̀ jẹ.

Torí biomarqueur kì í dárúkọ àrùn. PSA tí wọ́n ń wò nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn bàbá, ìyẹn prótéènì kan tó ń wá láti pírósítéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, jẹjẹrẹ lè gbé e sókè, pírósítéètì tó kàn wú torí ọjọ́ orí lè gbé e sókè, kòkòrò tó wọ ibẹ̀ náà lè gbé e sókè. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àyẹ̀wò palú (ibà) kíákíá, ìyẹn èyí tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí lójú ike pẹlẹbẹ kékeré, prótéènì kan tí kòkòrò ibà ń tú jáde ló ń wá, prótéènì yẹn sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn ti pa kòkòrò tán. Àlejò ti lọ, ipa ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì wà lójúde. Àyẹ̀wò Widal náà, láti 1896 ni wọ́n ti ń lò ó fún táífọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ ogun ara ló ń wá, ogun tí ara jà lọ́dún tó kọjá náà lè ti fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀, àìmọye èèyàn ló sì ń jáde lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú "pọsitífù" lọ́wọ́, tí wọ́n ń sọ fún gbogbo ilé pé àwọn ní táífọ́ọ̀dù.

Ẹ̀rí-ara lèmi mú wá. Ẹ̀rí-ọkàn ti wà lẹ́nu gbogbo wa, kò sẹ́ni tó máa béèrè ìtumọ̀ ẹ̀, ẹ̀rí-ara á tẹ̀ lé e bí ọmọ ìyá. Ara ló ń jẹ́rìí, a ò sì tíì sọ pé rere ni tàbí búburú. Gbogbo ẹni tó ti jókòó síbi ẹjọ́ láàfin mọ̀ pé ẹlẹ́rìí kan ò tó, wọ́n máa ń bi í ní ìbéèrè, ó sì lè ṣì sọ. Ohun tó tún jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ ni pé á gbà wá lọ́wọ́ pọsitífù àti negatífù yìí, torí àwọn kan máa ń gbọ́ pọsitífù kí inú wọn dùn. Ká sọ pé "a rí ẹ̀rí", ká sọ pé "a ò rí ẹ̀rí". Ẹni tí a sọ fún pé a ò rí ẹ̀rí mọ̀ lọ́gán pé kò jọ "kò sí nǹkan tó ń ṣe ẹ́".

Ní ti "àyẹ̀wò" tí àwọn kan ní ká pa tì torí pé ọ̀rọ̀ Ifá ni, mi ò gbà. Bí Odù bá yọ lórí ọpọ́n, ṣé babaláwo máa ń dìde kó máa lọ? Á mú ìbò, á fi béèrè bóyá ire ni tàbí ibi, á tún béèrè irú èyí tó jẹ́. Bó ṣe yẹ kí dókítà ṣe sí èsì tí mo kọ fún un gan-an nìyẹn, 1,18 ti yọ, kó wá mú ìbò: kí lo jẹ lánàá, ta ló ní i nínú ìdílé yín, ẹ jẹ́ ká tún un wò lọ́jọ́ mìíì. Ọ̀rọ̀ tó gbé gbogbo èyí dání láti ilé, kí la fẹ́ fi ọ̀tun ṣe?

Láàárọ̀ ọ̀la àwọn èèyàn máa tò sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lábò, Ìyá Kékeré sì máa wà nínú wọn torí wọ́n fẹ́ tún àyẹ̀wò wọn ṣe. Ẹ̀rí-ara ni màá fi bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ láì ṣàlàyé ẹ̀, ohun tí wọ́n bá dá pè padà fún mi ni màá wá kọ síbí.