“Àbọ̀ aláìsàn”? Ta ló gé e sí méjì?

Ẹ̀yin ará ilé, okun o.

Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa ará Mọ̀pà ti ní kí á máa pe ohun tí aláìsàn bá fẹnu ara rẹ̀ sọ sórí ẹ̀rọ ní “àbọ̀-aláìsàn orí ẹ̀rọ” ni mo ti ń kà á, mo sì dákẹ́ nítorí pé ẹ̀gbọ́n ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni mẹ́rin ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó bí ẹni pé inú ìyá rẹ̀ ló ti bá a. Bí n kò bá fọhùn, ó di tèmi náà nìyẹn.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: ilé ìwòsàn kan tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ fẹ́ kí aláìsàn máa fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bí ara ṣe ń ṣe é sórí ẹ̀rọ, kí dókítà tó rí i. Wọ́n ń wá orúkọ fún un tí ará Kàbà àti ará Ìsánlú máa gbọ́ láìwá ògbufọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ ibi tí ẹ gbà dé ibẹ̀: bọ̀, àbọ̀, jábọ̀. Gírámà yín ò ní àbùkù. Etí ni ẹ kò bi léèrè. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ta ló gbọ́ ìyẹn rí tó rò pé àbọ̀ ìpàdé ni? Ohùn ìsàlẹ̀ méjèèjì náà ni. Ẹ wá mú “àbọ̀” yìí, ẹ gbé e síwájú “aláìsàn”, kí nọ́ọ̀sì lọ pè é létí obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ọyàn rẹ̀ kan. Ẹ jọ̀ọ́.

Ẹni tó ní ká sọ ọ́ di “ìjábọ̀” ò tíì gbà wá. Mélòó nínú wa ló ń fi àmì sọ́rọ̀ lórí fóònù? Bí àmì ìparí yẹn bá yí sókè, ó di ìjábọ́: aláìsàn ti já bọ́ látorí bẹ́ẹ̀dì nìyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, ọmọ iṣẹ́ ló ń jábọ̀ fún ọ̀gá. Ohun tí FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, sì kọ ní 2009 ni pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ aláìsàn wá tààrà, láìsí pé dókítà tàbí ẹlòmíì bá a túmọ̀ rẹ̀.

Mo bá àbúrò ìyá mi lọ síbi ìtọ́jú rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Nọ́ọ̀sì, ọmọ tó níwà, gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ lé wọn nítan, ó ń kà á: “Mà, ṣé ó rẹ̀ yín láàárín ọjọ́ méje sẹ́yìn?” Àǹtí wò ó. “Bí kò bá rẹ̀ mí, kí ni mo wá ṣe níbí?” Nọ́ọ̀sì tẹ 4, púpọ̀ gan-an. “Ìrora ńkọ́, mà?” “A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.” Ó tẹ 1, rárá. Ní Sọ́ńdè, èmi ni mo wé gèlè fún wọn, torí apá ọ̀tún kò gòkè kọjá èjìká.

Ibí yìí ló yẹ ká ti máa jà. “Ó rẹ̀ mí” lẹ́nu àgbà, àìsàn ni, àárẹ̀ ni. “A dúpẹ́” kì í sì í ṣe ìdáhùn, ìkíni ni. Kí ló dé tí a ò béèrè pé “Ṣé okun wà lára yín láti dìde pọnmi?” Àwa tí wọ́n tilẹ̀ fi “Okun” pe gbogbo wa, Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wọ̀rọ̀! Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan jáde ní 2017 lórí aláìsàn 766 tí jẹjẹrẹ wọn ti tàn kálẹ̀. Àwọn tó ń tẹ ìnira wọn sórí ẹ̀rọ tí nọ́ọ̀sì fi ń gbọ́, bí a bá tò wọ́n bí ẹ̀mí wọn ṣe gùn tó, ẹni àárín gbùngbùn wọn lo oṣù 31 láyé. Ti àwọn tó ń dúró de ọjọ́ dókítà, oṣù 26. Bí “a dúpẹ́” bá di 1, nọ́ọ̀sì wo ló máa gbọ́?

Tèmi ni ìròyìn-ara. Àwọn kan ti ní ti rédíò ni ìròyìn. Kí rédíò tó dé ńkọ́? Bí bàbá mi bá ti oko dé, tí ọmọ kan wà lórí ẹní, “Ròyìn ara rẹ fún mi” ni wọ́n máa ń wí, wọn kì í wí pé “ṣé ara le”.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìlọrin sọ pé Yorùbá tiwa ní Kogi “ti dà pọ̀ mọ́ èdè míì”, ká má fi sọ nǹkan lórúkọ. Ẹ kú iṣẹ́, sà. Títí di ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991, Kwara kan náà la jọ wà. Ọjọ́ wo gan-an ló wá dà pọ̀?

Lórí “tábúlẹ́ẹ̀tì” tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ fi pe ẹ̀rọ pẹlẹbẹ yẹn, nílé ìwòsàn tí wọ́n ti ń pín oògùn, n kò ní fèsì lónìí. Ọ̀rọ̀ àbọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ dáhùn.